Ilẹ̀ Tí Ọmọ Dúró Lé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Kíkọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́gíráfì àti Ọ̀rọ̀ Àyíká

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní jọ́gíráfì àti ọ̀rọ̀ àyíká. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Bí mo bá ní kí n gbé gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ẹyọ kan ni n ó mú, n ó sì tẹnu mọ́ ọn títí n ó fi jókòó: ilẹ̀ tí ọmọ dúró lé ni ìwé àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó kà nínú ẹ̀kọ́ yìí, àwa sì ti ń fo ojú ewé náà ó pẹ́.

Ẹ wọ kíláàsì karùn-ún ilé-ìwé tó bá wù yín nílùú Ìbàdàn yìí. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ àwọn òkun ńláńlá ayé, wọ́n á kà wọ́n bí ẹni ń ka ABD. Ẹ bi wọ́n pé odò wo ló gùn jù ní Áfíríkà, wọ́n á pariwo Náílì. Ẹ wá bi wọ́n pé, “Omi òjò tó ń ṣàn kọjá níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá yín yìí, níbo ló ń lọ?” Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Èyí tó bá láyà á ní, “Inú gọ́tà ni, sà.” Láti inú gọ́tà ńkọ́? “Ó ń lọ síta, sà.” Ibẹ̀ ni ìmọ̀ pin sí. Ẹ má bá ọmọ wí. Kò sẹ́ni tó bi í rí, ìwé tó gbé dání kò sì bi í.

Ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí kò tilẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọ́n díẹ̀ sínú ẹ̀kọ́ àwùjọ, wọ́n fọ́n ìyókù sínú sáyẹ́ǹsì. Ó di sẹ́kọ́ńdìrì àgbà kí ọmọ tó rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní jọ́gíráfì gan-an, èyí tó bá sì yan iṣẹ́ mìíràn lè má fojú kàn án láéláé. Ohun tó ń bá ọmọ ọdún mẹ́jọ pàdé ni gbólóhùn orí bọ́ọ̀dù: àyíká ni gbogbo ohun tó yí wa ká. Ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á há a sórí, á fi gba máàkì, kò sì ní yọjú lójú fèrèsé wo ohun tó yí i ká ọ̀hún.

Ìbàdàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àìmọ ibi tí omi ń gbà ti gba ẹ̀mí níbí, ó sì ti gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò tó tó nǹkan bí 274 mílímítà rọ̀, odò Ògùnpa sì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó bá a lọ lé ní 200. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa ṣì ń fi Omíyalé yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn rọ̀, 187.5 mílímítà. Àwọn tó kú lé ní 100. Odò Ọ̀nà ru, ó ba afárá jẹ́ ní Elẹ́yẹlé. Omi wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì gbá ẹja inú adágún wọn lọ. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá wa tún ojú omi àti afárá ṣe. Kọnkéré dára, n kò bá kọnkéré jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ra ilẹ̀ etí odò lọ́dún 2045 wà ní kíláàsì kẹta lónìí, ó ń kọ́ orúkọ òkun. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Báwo ni onílé ṣe fẹ́ kọ̀ fún un tí kò bá mọ ibi tó ń gbà bọ̀?

Ẹ kíyè sí ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa. Ìparí oṣù Kẹjọ ni. Ìwé sì ti sọ fún ọmọ pé ní ìhà gúúsù wa níbí, òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu nínú oṣù Kẹsàn-án. Òótọ́ ni ìwé wí. Bí a bá kó òjò ọ̀pọ̀ ọdún jọ, tí a pín in sí oṣù kọ̀ọ̀kan, ti oṣù Kẹjọ á kéré sí ti oṣù Kẹfà àti ti oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ohun tí òjò sábà máa ń ṣe kò dè é lọ́wọ́ nínú ọdún kan pàtó. Tíṣà tó bá kọ́ ọmọ ní ti àkọ́kọ́ láìfi èkejì kún un ti fún un ní ààbọ̀ ìmọ̀, ààbọ̀ ọ̀hún sì léwu: ó lè mú kí ènìyàn sùn fọnfọn létí odò lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ.

Kí wá ni kí tíṣà ṣe? Kó dúró de òjò ni. Bí òjò bá ti dá, tí ilẹ̀ ṣì tutù, kó kó kíláàsì jáde sí ojúlé. Kí ọmọ kan ju ewé gbígbẹ kan sínú omi tó ń ṣàn. Kí wọ́n tẹ̀ lé ewé náà. Ẹ máa rí i pé ariwo á sọ, nítorí ọmọ á máa bá ewé tirẹ̀ sáré, á máa ní tòun ló máa kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ewé á yí ìdí igi máńgòrò, á yà bàrá síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, á bọ́ sínú gọ́tà, á sáré lọ títí á fi kọ́ ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó dí ẹnu kọ́fátì. Ibẹ̀ ni kí tíṣà ti dúró béèrè: kí ló dé tí ewé kò gba ọ̀dọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ? Ta ló rí i pé ilẹ̀ ga lọ́hùn-ún? Bí ọ̀rá yìí kò bá kúrò níbí, òjò ọ̀la máa gba ibo? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè dáhùn gbogbo rẹ̀, nítorí ó wà níwájú rẹ̀. Nínú wákàtí kan, ó ti kọ́ nípa òkè àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀, nípa ọ̀nà omi, nípa ohun tí ìdọ̀tí ń ṣe, kò sì tíì ṣí ìwé kankan.

Bí wọ́n bá padà wọlé, kí wọ́n ya á. Kí tíṣà má ya á sí bọ́ọ̀dù fún wọn. Máàpù àkọ́kọ́ ọmọ á rí wúruwùru: ilé ìyá alákàrà á tóbi ju ilé-ìwé lọ, nítorí ìyá alákàrà ló ṣe pàtàkì lójú ẹni tó yà á. Kò burú. Lọ́sẹ̀ kejì kí wọ́n jáde lọ fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà náà, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá nílẹ̀ á jẹ́ gígùn igi ìṣáná kan nínú ìwé. Nígbà yẹn ni ilé ìyá alákàrà á wá kéré dé ìwọ̀n tirẹ̀. Mo ti rí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń fi ìwọ̀n máàpù ṣe ìṣirò tó gba máàkì kíkún, tí kò mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà yẹn dúró fún ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn.

Láti ojúlé ilé-ìwé ni kí wọ́n ti máa lọ sí ìlú. Ọmọ Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti apá àríwá ni Ògùnpa ti ń bọ̀, pé ó gba Agódi, ó gba àárín ọjà, ó gba ìhà Òkè-Adó àti Mọ́lété kó tó lọ pàdé odò Ọ̀nà ní gúúsù. Kí ó mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Màpó sí lọ́dún 1929, pé bí òjò bá rọ̀ sórí òkè yẹn, èyí tó ṣàn sí ìwọ̀-oòrùn á wá Ògùnpa lọ, èyí tó ṣàn sí òdìkejì á wá odò mìíràn lọ. Ẹ mú ọmọ dé orí àtẹ̀gùn Màpó lẹ́ẹ̀kan péré, kó wo àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, kó rí i fúnra rẹ̀ pé ìlú náà kò tẹ́jú. Orúkọ àdúgbò wa pàápàá ti ń sọ fún un láti ìgbà tó ti ń fà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: Òkè-Adó, Òkè-Bọ́là, Odò-Ọ̀nà. Àwọn tó sọ wọ́n ní orúkọ ti wo ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wọn òjò. Ìgò omi oníke kan, èyí tí ara rẹ̀ gún gbọọrọ, ọ̀bẹ àti rúlà ló ń fẹ́. Ẹ gé orí ìgò náà, ẹ dojú rẹ̀ dé sínú ara ìgò bí àrọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sídìí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dà á nù, ẹ bu omi bo òkúta náà, ẹ sì fi bírò fa ìlà síbi tí omi dé. Láti ìlà yẹn lọ sókè ni kí ẹ ti máa fi rúlà wọn ohun tí òjò bá fi kún un. Kí ẹ gbé e sí gbangba, jìnnà sí òrùlé àti igi. Láràárọ̀, kí ọmọ kan ka iye mílímítà, kó kọ ọ́ sára kádíbọ́ọ̀dù ara ògiri, kó sì da omi náà padà sí ojú ìlà. Ní ìparí ọdún, kíláàsì náà á ní òjò ọdún kan lọ́wọ́, tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò lè ṣe níbẹ̀. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Ẹ mú òjò ọdún 2011 yẹn, 187.5 mílímítà. Ẹ mú òrùlé ilé-ìwé kan tó gùn ní 20 mítà, tó fẹ̀ ní 10. Omi tó bọ́ sórí òrùlé kan ṣoṣo yẹn jẹ́ 37,500 lítà. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí ọmọ ń fi pọnmi ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì, láti orí òrùlé kan, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ọmọ wá ro iye òrùlé tó wà láti Bẹẹrẹ dé Mọ́lété. Ọmọ tó ti gbé kẹ́ẹ̀gì lórí rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un mọ́ pé omi wúwo. Bákan náà, àwa tí à ń ra omi tánkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí i pé à ń jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì bọ́ sí gọ́tà; ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Oòrùn náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ṣánṣán láàárín pápá, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì kan wà tí wọ́n máa rí tí ọ̀pọ̀ tíṣà kò mọ̀. Àkọ́kọ́: òjìji kì í kúrú jù ní aago méjìlá ọ̀sán. Láàárín ààbọ̀ kọjá aago méjìlá sí aago kan ló máa ń kúrú jù nílùú Ìbàdàn, nítorí pé ìlà ayé tí wọ́n fi to aago Nàìjíríà jìnnà sí wa lọ sí ìlà-oòrùn, ó tilẹ̀ kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè wa. Èkejì: ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Yúróòpù á ní gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Fún tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni. Níbí, oòrùn máa ń bọ́ sí àtàrí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin àti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì, àríwá ló máa ń wà lọ́sàn-án, òjìji ọ̀pá á sì nà sí gúúsù. Ọmọ tó bá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, tó sì tún ri í nínú oṣù Kejìlá, á rí i pé òjìji ti yí ẹ̀yìn padà. Ọmọ yẹn ti mọ ohun tí ìwé àyálò kan kò lè sọ fún un.

Ìwé àyálò, ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú nìyí, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ fún mi. Ẹ wọ àwọn ilé-ìwé aládàáni wa, ẹ wo àwòrán ara ògiri: ìgbà mẹ́rin, igi tí ewé rẹ̀ pọ́n, igi tí yìnyín bò, ọmọ tó wọ kóòtù àti ìbọ̀wọ́. Ọmọ Ìwó tí kò rí yìnyín rí àyàfi inú fìríìsà ló ń há ìgbà mẹ́rin sórí. Ó ti mọ òjò àkọ́rọ̀ láti ilé, nígbà tí ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àgbàdo. Ó mọ àrọ̀kúrò. Ó mọ ọyẹ́, nítorí ètè rẹ̀ ló ń bẹ́. Ó mọ yangí, ó mọ ilẹ̀ẹ̀dú, ó mọ amọ̀, ó sì mọ èyí tí ẹsẹ̀ ń rì nínú rẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ yìí ló ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì bó bá ti ń wọ ilé-ìwé.

A ti rí i pé kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló wà nídìí rẹ̀, àjọ Ford Foundation ló fowó tì í. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì dúró lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn ní Yorùbá. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìdajì ọ̀nà, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990. Iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ yẹn kò kúrò ní àpẹẹrẹ tí a fi ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé bí irú èyí. Mo mọ̀ pé òbí kan á sọ pé òun sanwó kí ọmọ òun lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kó gbọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n nípa ilẹ̀ àti omi, ẹnu tí ọmọ fi ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò nílé díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johann Heinrich Pestalozzi ní ilé-ìwé ní Yverdon, ní Switzerland. Kì í gbé máàpù kọ́ fún ọmọ tuntun. Wọ́n á kó àwọn ọmọ jáde lọ sí àfonífojì kékeré kan tí odò Buron ń ṣàn gbà, wọ́n á wò ó yí ká, wọ́n á wa amọ̀ níbẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì gígùn, wọ́n á fi amọ̀ náà mọ àfonífojì tí wọ́n rí. Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, wọ́n á rìn jìnnà díẹ̀ sí i, wọ́n á mọ tibẹ̀ kún un. Ìgbà tí wọ́n bá mọ gbogbo rẹ̀ tán ni wọ́n tó ń fi máàpù hàn wọ́n, kíá ni wọ́n á sì ti mọ̀ ọ́n kà. Carl Ritter, ọ̀kan nínú àwọn ará Jámánì tó sọ jọ́gíráfì di ìmọ̀ yunifásítì, lọ wo ilé-ìwé náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ọmọ wo ni kò ti ń mọ amọ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Wọ́n ń mọ ọkọ̀, wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n ń mọ ènìyàn. Yúnífọ́ọ̀mù la fi ń lé wọn kúrò nídìí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àyíká fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí. Ta ló ń gbálẹ̀ ilé-ìwé wa láàárọ̀? Ẹni tó pẹ́ dé. Ta ló ń ṣán koríko? Ẹni tó pariwo ní kíláàsì. Ta ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ẹni tó jalè. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ́ nípa ìtọ́jú àyíká nìyí: ìyà ni, arúfin ló wà fún. Ká tó wá kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin pé kó fẹ́ràn àyíká rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ ohun tí àyíká jẹ́. N kò ní kí ọmọ tó rúfin má jìyà. Ẹ wá ìyà mìíràn fún un. Kí gbígbálẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wọn, ní ìpín-ìpín, kí tíṣà náà mú ìgbálẹ̀.

Àwa àgbà pàápàá kò sàn jù wọ́n lọ. Láti ayé ìjọba ológun ọdún 1984 la ti mọ Sátidé ìmọ́tótó òpin oṣù. A kì í jáde, ọkọ̀ kì í rìn, a ó kó ẹrẹ̀ gọ́tà, a ó gbé e jọ sí etí gọ́tà náà, a ó wọlé lọ jẹun. Òjò tó bá tẹ̀ lé e á gbá gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀hún padà sínú gọ́tà. Ọmọ ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ọmọ tó bá ti tẹ̀ lé ewé gbígbẹ lẹ́yìn òjò rí á béèrè pé, “Dádì, kí ló dé tí ẹ gbé e síbẹ̀?” N kò mọ bàbá tó máa rí ìdáhùn gidi fún un.

Omi tí ọmọ ń mu náà ní ìtàn tó yẹ kó tọpinpin. Omi ẹ̀rọ tó ń ti Aséjìre wá sí Ìbàdàn, odò Ọ̀ṣun ni. Ọ̀ṣun ṣẹ̀ wá láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí igbó rẹ̀ ti wọ ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ti UNESCO lọ́dún 2005, kó tó dé Aséjìre. Òjò tó rọ̀ sí oko Èkìtì ni ọmọ Agugu ń bu mu. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń wa wúrà ní ìhà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń fọ ilẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, omi náà sì pọ́n bí epo. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún. Bí tíṣà bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa èyí, kó ní kí wọ́n mú omi wá nínú ìgò funfun: ti kànga, ti odò, ti ẹ̀rọ. Kí wọ́n tò wọ́n sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì láìmì wọ́n, kí wọ́n wá fi rúlà wọn ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sọ̀ sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó sọ fún wọn pé omi tó mọ́ lójú náà lè ní ohun tí ojú kò rí. Ọmọ á gbọ́, nítorí ó ti rí èyí tí ojú rí.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ní òkúta tó ga ju ilé lọ láti kà. Ọmọ Èkó lè kọ́ ìdí tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ létí Victoria Island láti ìgbà tí wọ́n ti to òkúta sẹ́nu ọ̀sà láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà wọlé. Ti ọmọ Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ ló dùn mí jù. Ìlú tí wọ́n tẹ̀dó lọ́dún 1947, tí gbogbo Áfíríkà gbọ́ òkìkí rẹ̀, òkun ti ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, ilé, ojúlé, ilé ẹ̀kọ́. Bí ọmọ ibẹ̀ bá ń kọ́ nípa òkun, kí ló ń fi Pàsífíìkì ṣe?

Ẹnikẹ́ni kò lè ní a kò ní ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Láti 1948 ni jọ́gíráfì ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Akin Mábògùnjẹ́, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n jọ́gíráfì àkọ́kọ́ nínú ọmọ Nàìjíríà lọ́dún 1965, kọ́ gbogbo ayé ní bí ìlú Yorùbá ṣe ń dàgbà. Lọ́dún 2017 ó gba ẹ̀bùn Vautrin Lud, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ yìí. Ó papò dà lọ́dún 2022. Ìmọ̀ náà wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń gba ẹ̀bùn, kò sọ̀ kalẹ̀ dé kíláàsì kẹta.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ọmọ ọgọ́ta ni mo ní ní kíláàsì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó wọn jáde? Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìpín kan jáde lọ́sẹ̀, kí ìyókù máa ya máàpù tiwọn. Ọkọ̀ ń sáré lójú títì, àwọn ajọ́mọgbé sì wà níta. Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ má jáde ní ọgbà, inú ọgbà ilé-ìwé tó fún ọdún kan. Kò sí owó. Ìgò, rúlà, ọ̀pá àti ewé gbígbẹ ni mo kà síbẹ̀. Èmi fúnra mi kò mọ ibi tí odò àdúgbò yìí ti ń bọ̀. Ẹ pe bàbá tó ti gbé àdúgbò náà láti kékeré, kó wá sọ̀rọ̀ fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Á mọ ilé tí omi gbé lọ́dún 1980, á sì mọ ẹni tó tún kọ́ ọ padà síbẹ̀.

Èyí tí n kò ní èsì ìrọ̀rùn fún ni ìdánwò. Tíṣà tó bá kó ọmọ lọ wo òjìji ọ̀pá nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ tirẹ̀ ní ìbéèrè ọdún tó kọjá, òun ni òbí máa bú bí èsì bá jáde. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìbéèrè ìdánwò àbáwọlé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo darí ẹ̀bẹ̀ mi sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yọ ìbéèrè kan kúrò nínú àwọn tí à ń há sórí, ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: ya máàpù àdúgbò ilé-ìwé rẹ, kí o sì fi ìlà-oòrùn, ibi tó ga àti odò tó sún mọ́ ọn jù hàn nínú rẹ̀. Máàkì mẹ́wàá péré. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà bá jáde, gbogbo tíṣà á ti wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹni tó máa máàkì rẹ̀ náà á ní láti jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa fi í síbẹ̀.